Ọpọlọ àti Ọ̀pọ̀lọ́

Nínú fìrísà ni mo ti bá kọ́kọ́rọ́ ilé mi,
láàárín ẹja àti ọbẹ̀ tó ti dì gbagidi.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló rí mi?
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo pe Fadérera, ọmọ ọmọ mi,
ní Ojúọlápé,
àbúrò mi tó ti kú lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn,
tí mi ò sì mọ̀ pé mo ṣì í pè
títí ojú ọmọ náà fi yí padà,
ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà èwe wa, bí ẹnì kan bá ní "ọpọlọ rẹ ò pé,"
ìjà dé nìyẹn.
Báyìí, èmi fúnra mi ni mo wọ bọ́ọ̀sì nínú òtútù
lọ bi Dókítà Magsino bóyá tèmi ṣì pé.
Ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó yẹ etí mi wò,
ó ní kí n ya àwòrán aago,
kí n máa yọ méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí n má dúró.
Mo bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá:
mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún,
mọ́kàndínlọ́gọ́rin...
Kò mọ̀ bóyá mo gbà á tàbí mo ṣì í.
Kò sì mọ̀ pé ìyọkúrò ti wà nínú òǹkà tiwa,
pé kí ọmọ wa tó pé ọdún mẹ́wàá
ó ti mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀yìn dé iwájú.
Ó ní kò tíì burú.
Kò tíì.
Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì títí délé.

Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o máa lò, ó ní.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sí ilé iṣẹ́ aṣọ,
tí mò ń rán síìpù mọ́ ẹ̀wù òtútù
fún àwọn tó ń jáde rìn.
Mo wá wọ ọ̀kan, mo jáde.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Wínípẹ̀gì, omi gbàgbé pé omi ni òun.
Orí Odò Pupa là ń gbà, èmi àti Olena Hrytsak,
opó tó ń gbé lókè mi,
a ń rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń rìn lórí òrùlé onílé.
Mo ti fi ẹ̀rọ sétí, èyí tí mo fi pamọ́ fún odindi ọdún kan,
mo sì gbọ́ yìnyín lábẹ́ bàtà: kẹ́rúkẹ́rú, kẹ́rúkẹ́rú.
Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?

Lójoojúmọ́ a ń fún ara wa ní ọ̀rọ̀ kan,
tèmi ti Yorùbá, tirẹ̀ ti Yukréènì. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀.
Lónìí mo fún un ní ọpọlọ.
Ó ní: ọ̀pọ̀lọ́.
Mo ní rárá o, ìyẹn ló máa ń fò.
Èyí kì í fò?
Mo dúró. Mo ní, òun náà máa ń fò.
A rẹ́rìn-ín títí èémí wa fi di kùrukùru.
Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ kan wà nínú igbó ìhín
tó máa ń dì bí òkúta nígbà òtútù,
tí àyà rẹ̀ kì í lù;
bí ilẹ̀ bá móoru, a yọ́, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.
Mi ò bi í bóyá òótọ́ ni.
Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Èmi àti magí ti kọ ara wa sílẹ̀,
bó tilẹ̀ ń yọ́ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú.
Fóònù kì í bá mi wọ yàrá mọ́;
oorun ló ń bá mi wọ̀ ọ́.

Lálẹ́ àná, mo wà ní ìdí iná ìdáná, Fadérera pè.
Ojúọlápé ló kọ́kọ́ yọ sẹ́nu ọ̀nà.
Mo gbé àga fún un, mo ní kó jókòó,
mo wá pe ẹni tó ń dúró dè mí
ní orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀,
láìyọ ohunkóhun kúrò.

Orí ìṣó ni kọ́kọ́rọ́ mi ń wà báyìí,
lọ́pọ̀ ìgbà.