Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé. Bíírò mi ń da yíǹkì,
ọwọ́ mi dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.
Mo kọ ọ́ pé: "Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá."
Irọ́ ni. Aago méjìlá kọjá kí kọ́kọ́rọ́ kíláàsì ó tó dé.
A ká ara wa sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀,
orúnkún àgbà ń kan àgbọ̀n,
ọyẹ́ ń ti orí àpáta gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ni. Ọ̀kan ṣoṣo ló kan Ìpaò.
Òkè-Ọjà ní tàwọn ni. Ìsàlẹ̀-Odò ní tàwọn ni.
Mo kọ ọ́ pé: "Àwọn ará ìlú sọ tẹnu wọn."
Mi ò kọ bí Fápohùndà ṣe na bàtà sókè,
mi ò kọ èpè tí Mọrádéyọ̀ gbé mì
nígbà tó rántí pé àlùfáà wà níjòókòó.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn yan odì
lórí igi kòkó mẹ́rin tó hù sójú ààlà.
Bí ọ̀kan bá ní òjò ń bọ̀,
èkejì á lọ sá aṣọ.

Ìgbà tó tó àtidìbò, ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn:
"Ṣé Onímísì náà máa dìbò ni?
Ìgbìrà ni. Àlejò kì í dájọ́ onílé."
Kíláàsì dákẹ́. A gbọ́ ewúrẹ́ tó ń họra mọ́ ilẹ̀kùn.
Onímísì wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti ń kọ ebè
nílẹ̀ yìí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
òun tó ń pe ilé ní ulé
ju àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ.

Fápohùndà ló dìde. Mo ti gbé bíírò kí n kọ èébú.
Ó ní: "Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, àpáta ṣẹ́ dígà mẹ́ta.
Àwọn ọmọ onílé ní ó rẹ àwọn, wọ́n lọ mẹmu.
Ta ló kù nínú kòtò títí ilẹ̀ fi ṣú?
Ẹni tó gbẹ́ ilé ìkẹyìn fún onílé,
kí la tún fẹ́ kó gbẹ́?"
Mọrádéyọ̀ ò wojú rẹ̀. Ògiri ló kọjú sí:
"Ògiri, òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn."

Mo kọ ọ́ pé: "A fẹnu kò."
A ò fẹnu kò. Àwọn kan kùn títí.
Ṣùgbọ́n a ju ekùrọ́ sínú garawa méjì lẹ́yìn pátákó,
mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo wọn:
Ìsàlẹ̀-Odò mẹ́rìnlélógún, Òkè-Ọjà mẹ́tàlélógún.
Ìsàlẹ̀-Odò ni Onímísì ń gbé.
Fápohùndà, ọmọ Òkè-Ọjà, wò ó
bí ẹni tó yáni ní àdá,
tó wá bá igi ara rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ó ní, "Ó dáa." Kò dáa lójú rẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi jẹ́ ìkíni ọkùnrin náà.
Ní ọjọ́ kẹwàá ó ránṣẹ́ sí i,
kó wá bá òun gbé àpò kòkó.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ dé. Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, wọ́n kan àpáta.
Omi ò sí ní Ìsàlẹ̀-Odò.
Òkè-Ọjà ò rẹ́rìn-ín. Ó dáa, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

A tún pàdé ní Sátidé. Mo ti ra bíírò mìíràn.
Mọrádéyọ̀ àti Fápohùndà bọ́ sórí bẹ́ǹṣì kan náà,
àyè ọmọdé kan ló wà láàárín wọn.
Mo kọ orúkọ wọn tẹ̀léra,
ìwé mi ò ní ìlà fún ààlà.
Mo wá bi Onímísì bí wọ́n ṣe ń kọ tirẹ̀ gan-an.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń pè é fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ẹnikẹ́ni ò bi í rí.