Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ọpọlọ

Aago méje òwúrọ̀, ilẹ̀ Winnipeg ò tíì mọ́.
Mo gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìkàwé,
mo tan kọ̀ǹpútà, ó ń kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n kó àwọn káàdì àtijọ́ dànù:
dúrọ́ọ̀ mẹ́rìnlélógún, onígi, ọlọ́wọ́ idẹ.
"Gbogbo rẹ̀ ti wọnú ẹ̀rọ," ló wí.
Mo ní ó dáa. Mo fa àkọ́kọ́ yọ.

Orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, iye ojú ewé:
òótọ́ ni, gbogbo ìyẹn ti wọnú ẹ̀rọ.
Àfi bí mo ṣe yí káàdì kan sẹ́yìn
tí mo bá ọwọ́ Ìyáàfin Friesen pàdé,
pẹ́ńsù tó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀:
*Fún ọmọ tí oorun ń sá fún.*
*Ojú ewé kejìlá ti ya. Ajá ni wọ́n ní ó ya á.*
*Raymond Beardy kà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ má bi í nídìí.*
*Ìwé yìí ò dáa. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.*

N ò mọ obìnrin yìí rí.
Wọ́n ní ọdún tí odò kún ló fẹ̀yìn tì.
Ẹ̀rọ béèrè gíga ìwé lọ́wọ́ mi, ní sẹ̀ǹtímítà;
kò béèrè ọmọ tí kò róorun sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tantólúwa mú ìwé kan wá.
Bàbá rẹ̀, tó ń fi katakata gbá yìnyín lóru,
ló rà á bọ̀ láti Ìsẹ́yìn:
*Ọ̀pọ̀lọ́ Ẹ̀bá Odò*, ojú ewé mẹ́rìndínlógún.
Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, àmì orí, àmì ìdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ẹ̀rọ gbé e mì, ó pọ̀ ọ́ padà: OPOLO,
ìhòòhò, bí adìyẹ tí wọ́n fi omi gbígbóná tu níyẹ̀ẹ́.
Ó wá ro tinú ara rẹ̀, ó fún un nílé.

Ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́ta ni agboolé ọ̀pọ̀lọ́,
ẹgbẹ̀ta lé méjìlá ni ti ọpọlọ.
Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín wọn,
ẹran olómi ọ̀hún sì fò ó kọjá lóru ọjọ́ kan.

Jericho Magbanua, tó ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá lórí orí ènìyàn,
gbé e wá bá mi, ojú rẹ̀ le koko:
"Ṣé bí tèmi ṣe rí nínú níbí nìyí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tantólúwa ò rẹ́rìn-ín.
Ó dìde lọ sídìí pátákó, ó kọ méjèèjì sílẹ̀,
ó sì fi ọwọ́ ṣàlàyé:
ọ̀, ó lóṣòó; pọ̀, ó tún lóṣòó; lọ́, ó fò!
Ọpọlọ ní tirẹ̀ jókòó síbi kan, kò ròkè, kò rodò,
ó ń ronú.
Ọmọ méjìlélógún ń lóṣòó, wọ́n ń fò lẹ́yìn àga,
Jericho ló fò ga jù.
N kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wá inú ẹ̀rọ kiri
bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú koríko,
mo rí àyè kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá,
àyè tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan sí.
Mo kọ síbẹ̀:
*Jericho rò pé ọpọlọ òun nìyí. Ó ṣeé ṣe.*
Mo wá padà sídìí káàdì Ìyáàfin Friesen,
mo ń dà wọ́n kọ, ẹ̀yìn káàdì kan tẹ̀lé èkejì,
ajá, oorun, Raymond.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì.
"Ṣé o ti kó wọn dànù?"
Mo ní, "Ẹ má bínú, sà.
Lẹ́tà D ni mo ṣì wà."