Àwọ̀ Tó Jókòó Lẹ́yìn

Ní Campeche, níbi tí odi àtijọ́ ti fẹ̀yìn ti òkun,
yàrá wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ:
fèrèsé kan, ṣíǹkì kan, ìkòkò ìda tó ń yọ́.
Eulalia Chablé ló kọ́ mi níṣẹ́ aláró tí kì í rẹ aṣọ.
Ẹran ara èèyàn là ń rẹ,
èyí tí a gé fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ,
tó sùn sórí gíláàsì láìní àwọ̀,
bí omi lórí omi.

"Ohun tí kò láwọ̀," ó ní, "ojú ò lè bá a sọ̀rọ̀."

Igi kan wà ní irà ẹ̀yìn ìlú wọn,
ẹlẹ́gùn-ún, kúkúrú, ó lọ́ bí ìka arúgbó.
Bàbá ìyá rẹ̀ gé e títí àáké fi bó o láwọ̀ ọwọ́;
ọkọ̀ ojú omi kó o lọ, ó di aṣọ dúdú lọ́rùn àwọn àlejò.
Nísinsìnyí ó padà wálé nínú ìgò, lẹ́búlẹ́bú,
orúkọ ilẹ̀ òkèèrè lára rẹ̀.
Eulalia á mi ìgò náà, á rẹ́rìn-ín díẹ̀:
"Káàbọ̀, ọmọ ilé."
A pò ó mọ́ álọ́ọ̀mù, a gbé e sójú fèrèsé,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí oòrùn tó sọ ọ́ dàgbà.
Ẹni tó bá kánjú á rí àwọ̀ bíi tíì àná.
Pupa ni gíláàsì ń jáde; omi ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́ di búlúù.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kejì, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.
Èkíní ń sọ̀rọ̀, èkejì ń dákẹ́ fún un.
Bí irin bá sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tí a mú un jáde ní búlúù,
pupa rẹ́súrẹ́sú ni kí o tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.
Ta ló ń wá ewúrẹ́ dúdú lóru?
Má sì jẹ́ kó pọ̀ jù,
àlejò kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé.

Oṣù kẹsàn-án, òjò ń na páànù.
Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ apẹja kan dé láti Champotón, bíńtín.
Eulalia fi pupa kun kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ,
ó fi ọtí àti ásíìdì fọ ìyókù,
ó tẹ́ àwọ̀ ewé sí i lẹ́yìn, bí ìṣe ilé.
Èmi náà yọjú: mẹ́ta, mẹ́rin,
bí òwú pupa tó já sínú koríko.

Dókítà Wenceslao Uicab tẹjú mọ́ ọn.
Ó yí i sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì.
Ó nu awò. Ó nu ojú.
"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Eulalia ò jiyàn.
Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìbọ̀sẹ̀ dókítà:
ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé.
"Ẹ má bínú, dókítà, ọwọ́ mi ló gbọ̀n.
Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."
Ọwọ́ yẹn ò gbọ̀n rí láyé.
Ó gé òmíràn, ó kùn ún, ó fọ̀ ọ́,
ó na apá kọjá ìgò àwọ̀ ewé,
ó mú búlúù.

"Háà!" ni dókítà wí. "Àwọn nìyí. Mẹ́rin.
Rárá o, márùn-ún."
Ọmọ apẹja bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí mo bi í, ṣíǹkì ló ń fọ̀, kò wẹ̀yìn.
"Ẹran nìkan kọ́ là ń yan àwọ̀ fún," ó ní.
"Ṣé o ra ọsàn tí mo rán ọ?"

Ìgò àwọ̀ ewé ṣì wà lórí pẹpẹ, eruku ti bò ó.
Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ẹnìkan gbé ìgò búlúù tuntun
sórí tábìlì Eulalia.
Kò kọ orúkọ.
Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni dókítà wọ̀ lọ́jọ́ náà, méjèèjì.