Ọwọ́ Mi Ló Jórin Náà

Èmi Ọlágbẹnró, ajórin ní Ìlawẹ̀,
ṣọ́ọ̀bù mi ń bẹ lọ́nà Ìgbárá-Odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọganáísà.
Mo ti jó géètì ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti jó fèrèsé ilé ìwé,
mo ti jó àgọ́ ajá mẹ́rìnlá.
Ti ìkẹyìn yìí ni n kò rí gbé mì.

Famúrewá ló gbé iṣẹ́ wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde.
Mo na téèpù: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn.
Ó ní, "Bù ú kù. Méjì tó.
Ajá kì í sá eré ìje nílé mi."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo rẹ́rìn-ín.
Mo gé irin, mo gba ìlàjì owó.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ó pè mí: ìdè ilẹ̀kùn kan já.
Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ọ̀sán gangan,
òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.
Ajá mẹ́rìnlá, kò sí èyí tó gbó.
Ajá tó bá ń gbó ṣì ní nǹkan tó ń retí.

Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára irin mi.
Keje dùbúlẹ̀ lórí wáyà,
wáyà ti kọlà sí i lẹ́sẹ̀,
ọmú rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀ tán.
Ìbí kẹrin láàárín ọdún méjì.
Àwọn ọmọ kò tíì pé oṣù kan
tí Famúrewá ti tẹ́ aṣọ pupa, tó ń yà wọ́n ní fọ́tò
ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, ránṣẹ́ sí Adó:
"Ọmọ Rọtiwáílà pọ́ńbélé, ó ti gba abẹ́rẹ́."
Abẹ́rẹ́ wo?
Ọ̀kan ṣoṣo tí mo rí lágbàlá yẹn
ni èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣẹ́ etí aṣọ pupa náà.

Bàbá ìyá mi, ọdẹ Ọ̀gọ̀tún,
kì í jẹ́ kí akọ gun abo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.
Bó bá bímọ, òun ló ń gba òkèlè àkọ́kọ́ nínú uyán alẹ́.
Ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ ajá yóò jókòó, yóò rí ìyá,
bàbá yóò sì bi í pé, "Ta ni yóò máa wà nílé?"
Bí èsì bá mẹ́hẹ,
ẹmu ni àlejò yóò mu lọ, kì í ṣe ajá.

Àwa tí a ń fi oṣù gbáko wádìí ilé àna,
kí ló dé tí fọ́tò kan fi tó wa láti gbé ajá wọlé?

Tíṣà Ẹniọlá ní Adó ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀.
Ọjọ́ kẹfà, ó ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́jú.
Ṣíbí ìsebẹ̀ ni ọmọdé náà fi gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.
Famúrewá ní, "Ẹ mówó wá, òmíràn wà."

Mo tún ìdè náà ṣe.
Nígbà tó ń ka owó tó kù, mo ní, "Fi sílẹ̀. Fún mi ní Keje."
Ó wò mí bí ẹni tí iná ti jó lójú.
"Kò lè bímọ mọ́. Gbé e."

Ìsinmi ni mo sọ ọ́.
Mo gbé e sórí koríko, ó gbé ẹsẹ̀ sókè,
ó tún gbé òmíràn, bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná.
N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé koríko lè ba ajá lẹ́rù.

Ẹ béèrè ìyá. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án.
Bí wọ́n bá ní ìyá rìnrìn àjò, ẹ yí padà.
Ní tèmi, ẹni tó bá tún ní kí n bu àgọ́ kù,
téèpù ni mo ń gbé lé e lọ́wọ́:
"Dùbúlẹ̀ ná, kí n wọn ìwọ."

Láàárọ̀ àná, ẹnìkan kan géètì.
Ìsinmi gbó.