Òru Ìrì Dídì Nínú Oko Varsenik

Rédíò ní òtútù yóò já wálẹ̀ lóru yìí,
ìrì dídì yóò bẹ àwọn igi wa wò.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ápíríkọ́ọ̀tì mi tanná,
òdòdó funfun báláú,
ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìpéǹpéjú ọmọ tuntun.
Ẹni tó bá ń dáko lábẹ́ òkè Ararati mọ̀ pé
òru kan ṣoṣo tó láti jẹ ọdún kan tán.

Èmi Varsenik, opó Mkrtich,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
mo jókòó ti ààrò irin, mo ń ka gbèsè lórí ìka.
Àtàǹpàkò, owó báńkì tó wà ní Artashat.
Ìka tó tẹ̀ lé e, owó ajílẹ̀.
Ìka àárín, Zaven ọmọ mi, tó ń mọ ilé fún àwọn ará Rọ́ṣíà,
ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí n kò gbúròó rẹ̀ lórí fóònù.
Ọmọ kì í ṣe gbèsè, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ibo ni kí n tún ti kà á?

Àníyàn kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó gba àga Mkrtich,
ó ní kí n bu tíì fún òun.
Mo bù ú. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bù ú,
kò dúpẹ́ rí.
Ó mọ orúkọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn,
ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka orúkọ òkú.

Àlùfáà wa, Tèr Ghevond, sọ fún mi nígbà kan,
níbi tó ti ń tún páìpù omi ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì:
"Varsenik, àníyàn a máa dáná, kì í se oúnjẹ."
Mo rẹ́rìn-ín.
Mo délé, mo tún dáná.

Agogo kan òru lù, Hamazasp ń lu abọ́ irin lójú ọ̀nà:
ẹ jáde o, ó ti dé!
A jáde tọmọdé tàgbà,
a ń sun koríko gbígbẹ, a ń sun táyà àlòkù,
kí èéfín lè di aṣọ ìbora fún àwọn igi.
Ojú ń ta mí. Ẹsẹ̀ mi ti kú sínú ẹrẹ̀.
Mo fẹ́ gbàdúrà bí wọ́n ti ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì,
pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ń rùn bíi tùràrí,
n kò rí ẹyọ kan mú nínú wọn.
Ohun tó já bọ́ lẹ́nu mi ni: Baba, ó rẹ̀ mí.
Mo tún ní: Baba, ọmọ yẹn.
Mo tún ní: wò ó, èéfín ni mo ní, ìwọ lo ni afẹ́fẹ́.

Mo gbójú sókè.
Ararati dúró nínú òṣùpá,
òkè tí ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sí.
Gbogbo ọjọ́ tí omi fi bo ayé,
ta ló di ìtọ́kọ̀ mú nínú ọkọ̀ yẹn?
Nóà ń fún ẹran lóúnjẹ ni.
Bóyá gbogbo ìgbàgbọ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ:
ká gbà, ká gbọ́, ká fún ẹran lóúnjẹ.
N kò gbọ́ ohùn kankan láàárín àwọn igi,
àmọ́ èjìká mi rọ̀ wálẹ̀,
bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá gba ìdì igi lórí ẹni.
Mo tún bu koríko sínú iná.

Ilẹ̀ mọ́.
Ìdajì òdòdó ti dúdú bí ewé tíì tí a dànù.
Ìlà tó wà lẹ́bàá ògiri ṣì funfun.
Fóònù kò tíì dún.
Mo jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, mo jẹ ẹ́ tán,
oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Mo sùn lọ́sàn-án gangan, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó tún dé,
ó ń wo àga náà.
Mo ní: dúró síta ná.
Mo ń bá Ẹnìkan sọ̀rọ̀,
a ò sì tíì parí.