Ta Ló Tún Rí Báyìí Nílé Yín?

Dókítà Òkè-Òyì gbé bírò lé ìwé:
"Ta ló tún rí báyìí nílé yín?"
Mo ní kò sí.
Ó yá mi lẹ́nu bí àdúrà àkọ́sórí.

Nígbà tí àwọn ará Pàkátà wá tọpinpin wa ní Ọ̀fà
kí wọ́n tó gbà mí fún ọmọ wọn,
ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n béèrè, wárápá ni wọ́n béèrè,
wọ́n bi aládùúgbò bóyá wèrè ti ti ẹnu ọ̀nà wa jáde rí.
Ó ní rárá. Òótọ́ ló sì sọ.
Kò sẹ́ni tó bi í nípa Bùráímọ̀,
ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kì í wojú ènìyàn,
tí iyán ọ̀dùnkún rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kan ọbẹ̀,
tó mọ nọ́ńbà gbogbo rélùwéè tó gba Ọ̀fà kọjá.
"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," la máa ń wí,
a ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un kí aago méje tó lù.
Nígbà tí ojú irin dákẹ́,
ó ṣì ń lọ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mùbáṣírù mi ti pé ọdún mẹ́fà.
Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló ní; mo kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
Ìyá ọkọ mi ní, "Ọ̀fà ló ti bá ọ wá."
Mi ò fèsì. Ṣùgbọ́n mo ti rí Alhaji, ọkọ tirẹ̀,
tó ń ka òwú òfì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó hun ún,
tí ariwo ẹ̀rọ ìlọta ń lé wọ yàrá,
ọwọ́ méjèèjì létí.
Asà pàdé Ọ̀yún nínú ọmọ mi;
ta ló máa bu igbá omi kan, táá ní ti Ọ̀yún nìkan rèé?

Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi.
Dókítà ní ọ́tísímù a máa bá ìdílé rìn,
pé àbùdá tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan,
pé nínú ìyá márùn-ún tó bá jókòó síbi tí mo jókòó sí,
ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan tún bí irú rẹ̀.
Mo wo àga mẹ́rin tó kù. Òfìfo ni wọ́n.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa 'kò sí' yẹn rẹ́.
Ẹ kọ Bùráímọ̀."

Mùbáṣírù ti to ìdérí ìgò láti ilẹ̀kùn dé ìdí àmù:
pupa, pupa, àwọ̀ ewé, pupa, pupa.
Mo lóṣòó. Mo fi àwọ̀ ewé kan tì í.
Ó wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi. Ó wò ó pẹ́.
Kò yọ ọ́ kúrò.