Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ara Ife

Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí,
èmi ni mò ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láago márùn-ún ìdájí
ní Saskatoon, nígbà tí odò ti dì gbagidi bí òkúta.
Ṣùgbọ́n orúkọ tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn, àyálò ni.
Àwọ̀ ara ògiri, àyálò. Bí mo ṣe ń kí oníbàárà, wọ́n kọ ọ́ fún mi.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa tó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀ lára ife bébà,
Toronto ló ń fi í ránṣẹ́, ẹgbẹ̀rún kan nínú páálí kan.
Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tó bá wọlé, mẹ́fà ti lọ kí n tó kà á.
Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni,
àmọ́ ó ń bo ìhòòhò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà dé.
Kì í ṣe lọ́yà ló kọ ọ́. Anselm Wiebe ni,
bàbá tó ń kun pátákó ìpolówó kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì,
tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé mi,
kọfí oníwàrà méjì, owó wẹ́wẹ́ rẹ̀ pé géérégé.
Ó ní òun lòun ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn
fún kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníwíìtì,
lọ́dún tí ìyàwó òun bí àbígbẹ̀yìn.
Ó ní kí n wo etí òsì:
ajá aládùúgbò òun ló bù ú jẹ. Ta ni ì bá tún mọ ìyẹn?
Mo gbé ife súnmọ́ iná.
Etí òsì ya.

Mo ṣí ìwé àdéhùn. Ojúewé kọkànlélógójì:
Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ ọwọ́ òun la mú lò láìgbàṣẹ,
fi tó wa létí kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.
Má gbà pé òótọ́ ni. Má bá a dúnàádúrà. Má san sẹ́ǹtì kan.
Àwa la ó yan agbẹjọ́rò, àwa la ó mọ ìgbà tí ìjà yóò parí.
Ìwọ, pa gbogbo ìwé mọ́, kí o sì wá nígbà tí a bá pè ọ́.
Nísàlẹ̀, ìfọwọ́síwèé mi, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn,
ó ń fò sókè bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

N kò lè sọ pé òfin náà burú.
Bí mo bá ní "ẹ pẹ̀lẹ́" lónìí, ọ̀rọ̀ mi lè ti igba ṣọ́ọ̀bù sí kòtò,
títí dé ọ̀dọ̀ Parminder ní Regina,
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yáwó ra ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì.
Ẹyin lohùn. Àwọn lọ́yà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀,
wọ́n kàn fi nọ́ńbà sí i ni.
Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́rú mọ́, bàbá dé.
Ó gbọn yìnyín kúrò lára fìlà, ó to owó rẹ̀ sórí káńtà.
"Orysia, ṣé o rí lẹ́tà mi?"
"Mo rí i. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí Toronto."
"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo rí sí i?"
Ẹ̀rọ kọfí ń hó.
Mo ní, "Òtútù òní yìí mà le o."
Ojú tó fi wò mí, kò fi wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ife bébà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà.
Ife tánganran ìyá mi wà lábẹ́ káńtà,
funfun, ó sán létí, kò ní àwòrán kankan.
Ibẹ̀ ni mo bu kọfí rẹ̀ sí.
Ó yí i po, yípo, ó wá ẹranko náà tì.
Ó mu ún tán láìsọ nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, agbẹjọ́rò lè bi mí:
kí ló dé tó fi jẹ́ tánganran, lọ́jọ́ náà gan-an?
Mo ti ka ojúewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kò dárúkọ tánganran.

Èsì dé nírọ̀lẹ́: dá ife wọ̀nyẹn dúró,
má sun wọ́n, má dà wọ́n nù, kà wọ́n.
Mo jókòó sórí páálí nínú yàrá ẹ̀yìn, mò ń kà.
Mo ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjì.
Kò sí ọ̀kan tí etí òsì rẹ̀ kò ya.